Wọ́n ní kí n wá se oúnjẹ ìgbéyàwó ọkùnrin méjì, Àgùdà ni mí, kí ni kí n ṣe?

Ìyá_Puffpuff_Leeds:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará mi. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bú mi, ìmọ̀ràn ni mò ń wá. Leeds ní Ìlú Ọba níbí ni mò ń gbé, iṣẹ́ oúnjẹ páátì ni mò ń ṣe, jọ̀lọ́ọ̀fù, mọ́ínmọ́ín, small chops, kéèkì náà tí wọ́n bá fẹ́, mo forúkọ bísínẹ́ẹ̀sì sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, mi ò ṣe é ní kọ̀rọ̀. Ọmọkùnrin kan ló kọ̀wé sí mi lórí WhatsApp, ọmọ Yorùbá ni, ó kí mi dáadáa, ẹ káàárọ̀ mà, ẹ kú iṣẹ́ mà, ó ní òun jẹ oúnjẹ mi níbi ìsọmọlórúkọ kan, pé adùn puff-puff yẹn ò tíì kúrò lẹ́nu òun, òun fẹ́ kí n wá se oúnjẹ ìgbéyàwó òun, èèyàn bí 80. A dúnàádúrà tán, mo ní kó san àsansílẹ̀, ó san án. Ìgbà tí mo wá ní kó fi orúkọ ìyàwó ránṣẹ́ kí n lè mọ ohun tí mo máa kọ sára kéèkì ló fi orúkọ ọkùnrin ránṣẹ́. Mo rò pé ó ṣì í tẹ̀ ni, mo tún bi í. Ó ní rárá mà, ọkùnrin lòun ń fẹ́, ṣé kò sí wàhálà?

Mi ò tíì dá a lóhùn. Láti inú oyún ni mo ti ń ṣe Àgùdà, ìyá mi tó bí mi ẹgbẹ́ Màríà ló kú sí. Ọkọ mi ní kí n dá owó wọn padà kíákíá, pé owó ẹ̀ṣẹ̀ ò gbọdọ̀ wọlé wa. Ọmọ mi obìnrin tó wà ní yunifásítì ní tí mo bá kọ̀ wọ́n, wọ́n lè pè mí lẹ́jọ́, àti pé òun alára ò ní bá mi sọ̀rọ̀. Àwọn ará ẹgbẹ́ adúrà wa, bí mo ṣe dá a sílẹ̀ báyìí, kálukú wọn ló ní tiẹ̀, ẹnì kan ní Póòpù ti fọwọ́ sí i, ẹnì kejì ní iná ọ̀run ni.

Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn se ìrẹsì fún ẹni tó fẹ́ jẹ ẹ́? Ṣé òfin lè mú mi? Kí ni Ìjọ wa sọ gan-an, mo ní Ìjọ o, kì í ṣe ohun tí èèyàn kan gbọ́ lórí TikTok.

Katikíìsì_Abẹ́òkúta:

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Katikíìsì lásán ni mí, èmi kì í ṣe Fádà, nítorí náà ẹ ṣì lọ rí Fádà yín lẹ́yìn Máàsì.

Ohun tí Ìjọ fi ń kọ́ni nípa ìgbéyàwó ò yí padà, ọkùnrin kan àti obìnrin kan, títí ikú á fi yà wọ́n, tí wọ́n sì gba ọmọ tí Ọlọ́run bá fún wọn. Katikísìmù nọ́ńbà 2357 la ojú abẹ níkòó lórí ìbálòpọ̀ akọ sí akọ, kò sí ẹni tó lè tún un kà kó wá di nǹkan mìíràn. Ṣùgbọ́n ẹ ṣí ojú sí nọ́ńbà 2358 tó tẹ̀ lé e, òun ló sọ pé àwọn èèyàn wọ̀nyí, ká gbà wọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀, pẹ̀lú àánú, pẹ̀lú ìwà pẹ̀lẹ́, ká má sì fi ìyà tí kò tọ́ jẹ wọ́n lọ́nàkọnà. Ìwé kan náà ni, ìdí ara wọn ni nọ́ńbà méjèèjì wà. Àwọn tó ń pariwo ìkínní kì í sábà dé ìkejì, àwọn tó ń pín ìkejì kiri Facebook náà a máa fo ìkínní bíi pé wọn ò rí i.

Ti Póòpù tí wọ́n ní ó fọwọ́ sí i, mo mọ ibi tó ti wá. Ní December 18, 2023 ni Vatican gbé ìwé kan jáde tó ń jẹ́ Fiducia Supplicans, Kádínà Fernández ló kọ ọ́, Póòpù Francis fọwọ́ sí i. Ohun tó sọ ni pé tí àwọn méjì bẹ́ẹ̀ bá wá bá Fádà pé kó gbàdúrà fún àwọn, ó lè súre kúkúrú fún wọn, ìyẹn ò túmọ̀ sí pé ó súre fún àjọṣe wọn bí ìgbéyàwó. Ìwé yẹn fúnra rẹ̀ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò gbọdọ̀ bọ́ sí àsìkò tí wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó ìjọba, kò gbọdọ̀ sí aṣọ ìyàwó, kò gbọdọ̀ sí ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ níbi ìgbéyàwó. Síbẹ̀síbẹ̀ ariwo ta. Láàárín ọjọ́ méjì péré àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Nàìjíríà ti kọ̀wé pé kò sáyè ìbùkún fún irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ nínú Ìjọ, nígbà tó di January 2024 Kádínà Ambongo ti Kinshasa gbẹnu sọ fún àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Áfíríkà pé àwọn ò ní máa ṣe é lọ́dọ̀ tiwọn. Ẹni tó bá wá sọ fún yín pé Rome ti ń so ọkùnrin pọ̀ mọ́ ọkùnrin, irọ́ ló pa. Ẹni tó ní Ìjọ ní ká lé wọn dànù, irọ́ lòun náà pa.

Ó ku ìrẹsì. Láti ayé àtijọ́ làwọn olùkọ́ Ìjọ ti ń ya ẹni tó fọkàn sí ẹ̀ṣẹ̀ ẹlòmíràn, tó sì ràn án lọ́wọ́ nítorí pé ó fẹ́ kó ṣẹlẹ̀, sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ kàn kàn án lókèèrè láìfọkàn sí i. Ìwé Vatican kan tún wà, ti 2003, tí Ratzinger buwọ́ lù kó tó di Póòpù, ó ní kí Àgùdà má ṣe ti òfin tó ń fọwọ́ sí irú àjọṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn, kó sì yẹra bó bá ti lè ṣeé ṣe fún iṣẹ́ tó ń mú òfin náà ṣẹ, pé ẹnikẹ́ni ló lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ò bá gbà. Ẹ wò ó dáadáa, àwọn aṣòfin àti òṣìṣẹ́ ìjọba ni ìwé yẹn kọjú sí jù. Ẹni tó ń din puff-puff jìnnà sí i. Lójú tèmi o, oúnjẹ kò so ẹnikẹ́ni pọ̀. Kéèyàn wá mú máìkì kó máa ṣàdúrà ìgbéyàwó lé wọn lórí, ìyẹn ti sún mọ́ ọn. Ẹ̀yin lẹ mọ ibi tí ẹ̀rí ọkàn yín ti ń gún yín, mi ò lè bá yín mọ ìyẹn.

BàbáÌbàdàn:

Katikíìsì, ẹ ń fi ọ̀rọ̀ gígùn yí obìnrin yìí lórí. Ní January 2014 ni Jonathan buwọ́ lu òfin tó ta ko irú ìgbéyàwó yìí nílé níbí, ẹni tó bá ṣe é ọdún 14 lẹ́wọ̀n, ẹni tó bá ṣe ẹlẹ́rìí tàbí tó ràn wọ́n lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti ń so wọ́n pọ̀, ọdún 10. Àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà fúnra wọn ló kọ lẹ́tà sí Jonathan pé ó káre. Ẹ̀yin ará Ìlú Ọba, owó pọ́n-ùn ti fọ́ yín lójú. Àti pé àwọn Martyr Uganda tí ẹ̀ ń ṣe àjọ̀dún wọn lọ́dọọdún, Charles Lwanga àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, kí ni wọ́n kú fún? Ṣebí torí pé wọ́n kọ̀ fún ọba tó fẹ́ bá wọn sùn ni. Àwọn yẹn fi ẹ̀mí lélẹ̀, ẹ̀yin ò lè fi owó small chops lélẹ̀? Ẹ dá owó wọn padà mà, Ọlọ́run á pèsè.

Loya_Luton:

Ẹ káàsán mà. Ìmọ̀ràn gbogbogbò ni mo fẹ́ fún yín o, èmi kọ́ ni loyà yín, tí wọ́n bá kọ̀wé sí yín ẹ wá ẹni tó máa dúró fún yín.

Bàbá, òfin Àbújá ò dé Leeds. Èyí tó dé ibẹ̀ ni Equality Act ti 2010. Ẹni tó bá ń tajà tàbí tó ń ṣiṣẹ́ fún gbogbo ayé kò lè lé kọ́sítọ́mà torí pé ó jẹ́ gay. Òfin yẹn kan náà ló sì ní wọn ò lè lé yín torí pé ẹ jẹ́ Àgùdà, kí onílé má lè sọ pé òun ò fẹ́ ẹni tó ń ka rósárì nílé òun, kí ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ má lè fi ẹ̀sìn yín fìyà jẹ yín. Àwọn èèyàn wa fẹ́ràn apá kejì yìí gan-an, tó bá ti kan ìkínní wọ́n á ní òfin Sátánì ni.

Ẹjọ́ méjì ló yẹ kí ẹ mọ̀. Ìkínní, tọkọtaya kan ní Cornwall tí wọ́n ń ṣe òtẹ́ẹ̀lì kékeré, Kristẹni gidi, wọ́n ní ẹni tó bá ti ṣègbéyàwó nìkan làwọn ń fún ní yàrá oníbẹ́ẹ̀dì ńlá kan, wọ́n wá dá ọkùnrin méjì padà ní 2008. Ẹjọ́ yẹn dé Supreme Court ní 2013, onílé òtẹ́ẹ̀lì pàdánù, £1,800 ni wọ́n ní kí wọ́n san fún ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méjèèjì. Ìkejì ni ti àwọn oníkéèkì Ashers ní Belfast. Gareth Lee ló ní kí wọ́n kọ ọ́ sára kéèkì ní 2014 pé kí wọ́n ti ìgbéyàwó gay lẹ́yìn, owó kéèkì ọ̀hún £36.50, wọ́n gba owó tán kí wọ́n tó dá a padà. Kóòtù ìsàlẹ̀ dá wọn lẹ́bi, kóòtù kejì dá wọn lẹ́bi, nígbà tó di October 2018 Supreme Court yí i padà, adájọ́ márààrún fẹnu kò. Lady Hale tó jẹ́ olórí àwọn adájọ́ náà ní kì í ṣe ọkùnrin yẹn ni wọ́n kọ̀, ọ̀rọ̀ tó ní kí wọ́n kọ ni wọ́n kọ̀, pé tó bá jẹ́ ọkùnrin tó ń fẹ́ obìnrin ló gbé irú ọ̀rọ̀ yẹn wá, wọ́n ṣì máa kọ̀ ọ́. Òfin Northern Ireland yàtọ̀ díẹ̀ sí tiwa, àmọ́ adájọ́ níbí ò lè fojú fo ohun tí Supreme Court sọ.

Tí ẹ bá wá kó o wá sílé, ẹ ò lè sọ pé "mi ò kí ń se oúnjẹ fún gay". Ìrẹsì ò ní ọ̀rọ̀ kankan lára. Tí wọ́n bá ní kí ẹ kọ gbólóhùn kan tó ta ko ìgbàgbọ́ yín sára kéèkì, ẹ lè ní ibi tí ẹ máa dúró sí. Orúkọ méjì péré ńkọ́? Ìyẹn ò dá mi lójú tó kí n ní kí ẹ fi bísínẹ́ẹ̀sì yín ta tẹ́tẹ́. Ẹ má sì parọ́ pé ọwọ́ yín dí lọ́jọ́ yẹn nígbà tí ẹ ti gba àsansílẹ̀. Adájọ́ máa ń ka WhatsApp.

Ẹnì kan tún wà tí orúkọ rẹ̀ ò ṣàjèjì sí wa, Lillian Ladele. Òun ló ń kọ orúkọ ọmọ tuntun, òkú àti ìgbéyàwó sílẹ̀ fún káńsù Islington. Ó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ kí òfin civil partnership, èyí tó jẹ́ kí ọkùnrin méjì tàbí obìnrin méjì forúkọ àjọṣe wọn sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní December 2005, ó ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀sìn mi ò jẹ́ kí n lè ṣe ìyẹn, ẹ fún ẹlòmíràn. Wọ́n kọ̀. Ó jàre ní 2008, wọ́n yí i padà, ó pàdánù ní Court of Appeal ní 2009, ó dé Strasbourg, kóòtù ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti Yúróòpù, ó tún pàdánù ní January 2013, adájọ́ márùn-ún sí méjì. Mo máa ń bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi jiyàn lórí ẹjọ́ yìí, torí mo gbà pé àwọn adájọ́ méjì yẹn ló rí i dáadáa. Àwọn míì wà níbẹ̀ tó lè ṣe iṣẹ́ náà, kò sí ọkùnrin méjì tó máa padà sílé láìrí ẹni kọ orúkọ wọn. Wọ́n kàn fẹ́ kó tẹ̀ ba ni. Ṣùgbọ́n bí òfin ṣe rí nìyẹn.

Kí n má gbàgbé, àwọn tó ń pariwo pé wọ́n máa fipá mú Fádà, irọ́ ni. Òfin ìgbéyàwó ti 2013 kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni ò lè fipá mú ẹlẹ́sìn so wọ́n pọ̀.

Bọ̀dá_Bradford:

Loya ẹ ṣeun, àmọ́ ẹ jẹ́ ká sòótọ́ fún ara wa, apá kan ṣoṣo ni ìfaradà tí wọ́n ń polongo yìí ń lọ. Ní Leeds tí Mama ń gbé yìí náà, Catholic Care tí í ṣe ẹgbẹ́ àánú Dáyósíìsì wa, ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti ń bá àwọn ọmọ tí ò ní òbí wá ilé, pàápàá àwọn ọmọ tó ṣòro fún ẹlòmíràn láti rí òbí fún. Òfin dé ní 2007 pé ẹ ò lè yọ àwọn ọkùnrin méjì sílẹ̀. Wọ́n bẹ̀bẹ̀, wọ́n lọ kóòtù, wọ́n lọ tribunal, ní 2012 wọ́n pàdánù. Ibi púpọ̀ nílẹ̀ England, àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ já ara wọn kúrò lára Ìjọ tàbí kí wọ́n ti iṣẹ́ náà pa. Ta ló jèrè? Ṣebí àwọn ọkùnrin méjì lè lọ sí ẹgbẹ́ mìíràn, wọ́n pọ̀ bí yanrìn. Ní Amẹ́ríkà, irú ẹjọ́ yìí dé ọ̀dọ̀ àwọn adájọ́ àgbà wọn ní 2021, ti Philadelphia, mẹ́sàn-án sí òdo, wọ́n ní ìlú yẹn ò lè ti ẹgbẹ́ Àgùdà síta. Ìyẹn ni mo pè ní ìfaradà, kí gbogbo wa ráyè. Tí wọ́n bá ti ní ká fara dà á, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ká pa ẹnu mọ́.

Mi ò sọ pé kí wọ́n lù wọ́n o. Mo ní àwọn bẹ́ẹ̀ níbi iṣẹ́, a jọ ń mu tíì. Àmọ́ èmi ò ní se oúnjẹ yẹn.

Katikíìsì_Abẹ́òkúta:

Bọ̀dá, mo gbà pẹ̀lú yín lórí ti àwọn ọmọ yẹn, ó dùn mí títí dòní.

Ṣùgbọ́n BàbáÌbàdàn, ẹ jẹ́ n bá yín sọ̀rọ̀ lórí Lwanga torí pé mímọ́ yìí ni mo yàn lọ́jọ́ tí wọ́n fi òróró yàn mí. Ìwé 2003 tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ọjọ́ àjọ̀dún rẹ̀ gan-an, June 3, ni wọ́n kọ sí i lára, kì í ṣe pé Ìjọ gbàgbé rẹ̀. Ohun tí wọ́n ṣe fún un ní Namugongo ní 1886 ni pé ọba tó ní agbára ẹ̀mí àti ikú fẹ́ fipá lo àwọn ọmọ ààfin, wọ́n kọ̀, wọ́n sì ń gbàdúrà sí Ọlọ́run tí ọba ò fẹ́, ó wá dáná sun wọ́n. Ìjọba ló fi agbára dé orí ẹ̀rí ọkàn. Ẹni tó bá ka ìtàn yẹn tó wá ní kí ìjọba máa fi ọlọ́pàá fọ́ ilẹ̀kùn yàrá èèyàn lórí ohun tí àgbà méjì fi ìfẹ́ inú wọn ṣe, ó yẹ kó tún un kà.

Lẹ́tà sí Jonathan, òótọ́ ni, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Kaigama ló jẹ́ olórí wọn nígbà yẹn. Òun kan náà ló padà ṣàlàyé pé ìgbéyàwó làwọn ń gbèjà, pé Ìjọ ò ní kí wọ́n máa fìyà jẹ èèyàn torí irú ẹni tó jẹ́. Ní January 2023 Póòpù Francis wá sọ ọ́ fún àwọn oníròyìn Associated Press láìfi bò, pé kéèyàn jẹ́ gay kì í ṣe ọ̀ràn tó yẹ kí ìjọba máa tìtorí rẹ̀ sọ èèyàn sẹ́wọ̀n. Ó ní ká ya ẹ̀ṣẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀ràn òfin, ó tún ní àìnífẹ̀ẹ́ ọmọnìkejì náà ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ẹnu kan náà ló fi sọ gbogbo rẹ̀.

Ẹni tó ń fẹ́ ìyàwó kejì nílé, Ìjọ kọ́ni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Mélòó nínú wa ló ti kọ̀ láti lọ jẹ àmàlà níbẹ̀?

BàbáÌbàdàn:

Ìyẹn yàtọ̀! Ìyàwó kejì, obìnrin ṣì ni.

Àdùkẹ́_Dublin:

Hahaha Bàbá. Àwọn tó ń jẹ àmàlà ń gbọ́ o.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ibí. Ireland ni mo wà, orílẹ̀-èdè Àgùdà ni nígbà kan tí Bíṣọ́ọ̀bù bá wúkọ́ gbogbo ìlú á dìde. May 22, 2015 wọ́n dìbò lórí ọ̀rọ̀ yìí, 62 nínú 100 ló ní bẹ́ẹ̀ ni. Nínú gbogbo àgbègbè ìdìbò 43, ọ̀kan ṣoṣo ló kọ̀, Roscommon–South Leitrim. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Dublin nígbà yẹn, Diarmuid Martin, tó sọ pé òun dìbò rárá, ní kí Ìjọ wo ara rẹ̀ nínú dígí, kó mọ̀ bóyá òun ti jìnnà sáwọn ọ̀dọ́. Kò bú ẹnikẹ́ni. Àwọn ará párííṣì wa tó dìbò bẹ́ẹ̀ ni àtàwọn tó dìbò rárá, orí ìjókòó kan náà ni wọ́n ṣì wà ní Sunday tó tẹ̀ lé e, ojú ń ti àwọn kan láti na ọwọ́ àlàáfíà síra wọn, àmọ́ wọ́n nà án. Títí di òní Fádà wa kì í so ọkùnrin méjì pọ̀, kò sì sí ọlọ́pàá tó wá bá a.

Ohun tó wú mi lórí jù ni August 2018 tí Póòpù Francis wá sí Dublin fún ìpàdé àwọn ẹbí. Ta ló gbà á lálejò ní Dublin Castle? Leo Varadkar, olórí ìjọba Ireland nígbà yẹn, gay ni, gbogbo ayé ló mọ̀. Ó dìde níwájú Póòpù, ó kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó sọ ti ìyà tí wọ́n fi jẹ àwọn ọmọ ní àwọn ilé Ìjọ, ó ní oríṣiríṣi ni ẹbí wà báyìí, tó fi dórí èyí tí òbí jẹ́ akọ méjì tàbí abo méjì. Póòpù jókòó, ó gbọ́. Póòpù náà dìde, ó sọ tiẹ̀. Ẹnì kankan ò yí ẹ̀kọ́ rẹ̀ padà kó lè tẹ́ ẹnì kejì lọ́rùn. Tí àwọn yẹn bá lè ṣe é ní gbangba níwájú tẹlifíṣọ̀n gbogbo ayé, wọn ò lè ṣe é lórí small chops?

ÌyáBísí_Houston:

Mi ò fẹ́ dá sí i tẹ́lẹ̀.

Àkọ́bí mi ọkùnrin ni. Àgùdà lèmi náà, mo ṣì ń ṣe ìsìn lọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ obìnrin wa níbí. Nígbà tó sọ fún mi pé ọkùnrin lòun ń fẹ́, mo gbààwẹ̀, mo kó o lọ bá ẹnì kan tó ní òun á lé e kúrò lára rẹ̀, ọmọ yẹn ò dá mi lóhùn fóònù fún ìgbà pípẹ́. Fádà wa, ọmọ Mexico ni, ló bi mí pé Mama, nínú ẹ̀kọ́ Ìjọ, ibo ni ẹ ti ka pé kí ìyá pàdánù ọmọ?

Nígbà tó fẹ́ ẹnì kejì rẹ̀, mi ò lọ sí kóòtù. Mo sọ fún un ṣáájú pé ẹ̀rí ọkàn mi ò gbà, ó sunkún, èmi náà sunkún, ó ní òun gbọ́. Àmọ́ wọ́n máa ń wá sílé ní Thanksgiving. Òyìnbó ni ẹnì kejì yẹn, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rokà lọ́wọ́ mi, kókó ló máa ń kún inú rẹ̀, a sì ń jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Kò gba Ọlọ́run gbọ́ rárá. Síbẹ̀ tó bá ti di aago tí mo máa ń ka rósárì, á dìde, á pa bọ́ọ̀lù tó ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n, bó ti wù kó le tó, á jókòó títí n ó fi ṣe tán. Ẹ̀yin ń bèèrè bóyá kí ẹ fara dà wọ́n. Òun náà ń fara dà mí, ó mọ ohun tí Ìjọ mi sọ nípa òun, ó ti kà á.

Ìyá Puffpuff, ọmọkùnrin yẹn pè yín ní mà, ó wá oúnjẹ ilé rẹ̀ wá fún ọjọ́ ayọ̀ rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí ìyá rẹ̀ máà wá.

Ìyá_Puffpuff_Leeds:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, tó fi mọ́ Bàbá tó ń bú mi. Ìyá Bísí, ọ̀rọ̀ yín ò jẹ́ kí n sùn.

Mo rí Fádà lẹ́yìn Máàsì. Ó gbọ́ mi tán, ó ní "Ṣé wọ́n ní kí o wá so wọ́n pọ̀ ni?" Mo ní rárá, wọ́n ní kí n wá se ìrẹsì. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò lè fi ẹ̀rí ọkàn òun rọ́pò tèmi, pé kí n gbàdúrà, ohun tí mo bá sì ṣe kí n ṣe é láìsí irọ́ àti láìsí èébú.

Mo wá pe ọmọ náà, mi ò kọ ọ́ sórí WhatsApp. Mo ní ọmọ mi, ibi tí ìgbàgbọ́ mi wà rèé, mi ò ní purọ́ fún ọ, màá se oúnjẹ rẹ bí mo ṣe ń se ti gbogbo ayé, kò ní sí iyọ̀ tó dín, àmọ́ kéèkì yẹn, kíkọ orúkọ yẹn ń wúwo lọ́wọ́ mi. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní "Mo mọ̀ pé Àgùdà ni yín mà, mò ń rí Ìyá Màríà lórí status yín lójoojúmọ́, ìdí tí ẹ̀rù fi ń bà mí láti sọ nìyẹn." Òun fúnra rẹ̀ ló wá ní ọ̀rẹ́ àwọn kan máa ṣe kéèkì, pé puff-puff lòun ń wá ní tòun, ká yọ owó kéèkì kúrò.

Ọkọ mi ò tíì gbà o. Ó ní òun ò ní dí mi lọ́wọ́, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló máa wa ọkọ̀ lọ síbẹ̀. Èmi ò sì lè wa van yẹn.

Loya_Luton:

Tó bá jẹ́ òun ló fẹ́ bẹ́ẹ̀ fúnra rẹ̀, ó dáa. Ẹ fi méséèjì kékeré kan ránṣẹ́ sí i pé "bí a ṣe sọ, oúnjẹ nìkan, iye báyìí báyìí", kó dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. Lọ́jọ́ iwájú, ẹ jókòó ro ọ̀rọ̀ kéèkì yìí kí ẹlòmíràn tó dé, kọ́sítọ́mà mìíràn lè má ní sùúrù bí ọmọ yìí.

BàbáÌbàdàn:

Mi ò fara mọ́ ọn o. Mo kàn ń kà á.

Bọ̀dá_Bradford:

Mama, Bradford sí Leeds ò jìnnà. Mo ní van. Màá gbé oúnjẹ dé ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn, mi ò ní wọlé, mi ò ní bá wọn ya fọ́tò. Ẹ wá sí inbox ká sọ̀rọ̀ owó epo.